Tai Ṣólàárìn

Augustus Táíwò Ṣólàárìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tai Ṣólàárìn (ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1922 – ọdún 1994), jẹ́ olùkọ́, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kì í ṣe ti ìjọ tàbí ẹ̀sìn kankan, tí kò sì sọ àdúrà tàbí orin ìsìn di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ó di kọmíṣánnà Àjọ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, agbègbè tí ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó kọjá títí dé etí òkun Ìlàjẹ. Ìjọba ológun fi í sí àtìmọ́lé láìgbẹ́jọ́ fún oṣù 17 láàárín ọdún 1984 àti 1985.

Ohun tí a fi ń rántí Ṣólàárìn jù lọ ni ìdúróṣinṣin rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì: pé kí ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe fi ẹ̀sìn kankan ṣe tiwọn, àti pé kí agbára ìjọba má ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí náà ni ó wà ní ìdí àríyànjiyàn ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọdún 1983, àti nígbà tí ó darapọ̀ mọ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, ní ọdún 1986.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Ṣólàárìn ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ìbejì ni: òun ni Táíwò, arábìnrin rẹ̀ Caroline sì ni Kẹ́hìndé. Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà ni ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950.

Ní àkókò tí Ṣólàárìn ń dàgbà, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń yan olùkọ́, òun náà ni ó sì ń pinnu irú àdúrà tí ọmọ yóò gbà ní òwúrọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí tàbí ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ mọ̀wé sábà máa ń gba orúkọ ìrìbọmi kí ó tó rí àyè wọlé. Ṣólàárìn fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ọmọ-ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ iṣẹ́ atọ́nà ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ogun parí, ó dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé sí i. Ó gboyè ní Yunifásítì Manchester, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ síwájú ní Yunifásítì London. Ní ọdún 1951 ó fẹ́ Sheila Mary Tuer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà di olùkọ́ tí ó sì bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1952.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Molusi

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ṣólàárìn kọ́kọ́ gbà ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Stephen Awókọ̀yà ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ láti di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Awókọ̀yà ni ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, èyí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Ṣólàárìn rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà.

Kò pẹ́ tí èdè-àìyedè fi bẹ̀rẹ̀. Ní ojú Ṣólàárìn, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni láti kọ́ ọmọ ní ìmọ̀, kí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ wo ayé. Ó ní ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ti ọkàn oníkálukú, kò sì yẹ kí àdúrà àti orin ìsìn jẹ́ ara ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tiwọn, ẹ̀kọ́ tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run nínú kò pé, àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí a óò ṣe tọ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò ní ojútùú, Ṣólàárìn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àríyànjiyàn Molusi kéré ní ìwọ̀n, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó kàn. Síbẹ̀ ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: ta ni ó ni ẹ̀rí ọkàn ọmọ? Ṣé ìjọ ni, ṣé òbí ni, ṣé ìjọba ni, tàbí ọmọ fúnra rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà?

Ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1956, Ṣólàárìn àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wá láti ara ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. Àwọn kan nínú àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí sá kúrò nílé nítorí pé ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ti fẹ́. Ó yẹ ní àkíyèsí pé ọkùnrin tí kò gbà pé Ọlọ́run wà fi orúkọ ọkọ̀ àwọn onígbàgbọ́ sọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí òun àti wọn jọ ní ni kíkọ̀ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn pàṣẹ fún ẹ̀rí ọkàn.

Mayflower kò kọ ọmọ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ kàwé níbẹ̀, wọ́n sì wá láti apá púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìsìn tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Ní ipò rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n sì ń kópa nínú kíkọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń lò. Ṣólàárìn fúnra rẹ̀ kì í wọ aṣọ ńlá. Ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù kakí pẹ̀lú fìlà ni gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀, ì báà jẹ́ ní oko ilé-ẹ̀kọ́ tàbí níwájú àwọn ìjòyè ìjọba. Sheila Ṣólàárìn ni ó bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn àgbà.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ àti àwọn aládàáni ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Mayflower wà lára àwọn tí ìjọba gbà, Ṣólàárìn sì fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹ̀rí ọkàn nínú òfin Nàìjíríà

Ohun tí Ṣólàárìn ń jà fún ní Molusi wọ inú òfin orílẹ̀-èdè ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì gba ọ̀nà àjọ àwọn orílẹ̀-èdè wọlé. Ní ọdún 1953, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú kí Àdéhùn Yúróòpù lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1950, kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní ọdún 1957, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí Henry Willink darí láti wádìí ẹ̀rù tí ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ náà kò gbà pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Àdéhùn Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ìdí nìyí tí ìwé òfin òmìnira ọdún 1960 fi ní abala 23, tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Abala yìí tún sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún ẹnikẹ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti lọ sí ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú ìwé òfin ọdún 1963, ti 1979 àti ti 1999. Ìwé òfin ọdún 1979 tún fi abala 10 kún un, èyí tí ó kọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ láti sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba.

Òfin yìí kò lọ tó ibi tí Ṣólàárìn fẹ́. Kò lé ẹ̀sìn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó kàn dáàbò bo ọmọ tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ kan kà sí àfojúdi ní àwọn ọdún 1950 ti di ohun tí a lè bá lọ sí ilé-ẹjọ́.

Kọmíṣánnà ẹ̀sùn aráàlú àti etí òkun Ìlàjẹ

Ní ọdún 1975, ìjọba ológun Murtala Muhammed dá Àjọ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú sílẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ bá fi ìyà jẹ, láìjẹ́ pé ẹni náà san owó lọ́yà. Wọ́n yan Ṣólàárìn ní kọmíṣánnà fún ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní oṣù Kejì ọdún 1976, agbègbè iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlú ọ̀dàn ní àríwá Ọ̀yọ́ títí dé àwọn abúlé orí omi ti Ìlàjẹ ní gúúsù Oǹdó, níbi tí ilé ti wà lórí òpó igi, tí ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti dé ọ̀pọ̀ ìletò.

Ní etí òkun Ìlàjẹ yìí ni ìlú Ayétòrò wà, ìlú tí ìtàn rẹ̀ ṣe é fi wé ti Mayflower. Ní ọdún 1947, àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kúrò láàárín àwọn ènìyàn wọn nítorí inúnibíni tí ó bá wọn lórí ẹ̀sìn wọn. Wọ́n tẹ ìlú tuntun dó sí etí òkun Àtìláńtíìkì, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Zaccheus Okenla ni ó jẹ́ ọba wọn àkọ́kọ́. Gbogbo ohun ìní jẹ́ ti gbogbo ará ìlú. Ẹja tí wọ́n pa, ọkọ̀ tí wọ́n kàn àti aṣọ tí wọ́n hun wọ àpò kan. Wọ́n gbẹ́ ipadò fún ọkọ̀, wọ́n sì pèsè iná mànàmáná fún ara wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ètò àpò kan yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí oníkálukú sì ń ní ohun ìní tirẹ̀.

Ayétòrò àti Mayflower dà bí òdìkejì ara wọn. Ní Ayétòrò, ẹ̀sìn ni ìpìlẹ̀ ìjọba ìlú. Ní Mayflower, ẹ̀sìn kò ní ipò kankan nínú ìṣàkóso. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbára lé iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, àwọn méjèèjì sì ti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò fara mọ́ ìsìn tí àwùjọ wọn ń béèrè wá. Òfin kan náà ni ó dáàbò bo àwọn méjèèjì. Òmìnira ẹ̀rí ọkàn tí ó jẹ́ kí olùkọ́ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lè wà láìgbàdúrà ni ó jẹ́ kí apẹja kan ní Ayétòrò lè gbàdúrà bí ó ti wù ú. Tí ìjọba bá gbé ẹ̀sìn kan lé orí òmíràn, ẹni tí kò ní ẹ̀sìn àti ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kéré ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Òǹkọ̀wé àti alátakò

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni Ṣólàárìn ti ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, pàápàá Daily Times, àti Nigerian Tribune lẹ́yìn náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn ni ó fi ń kọ̀wé, kò sì dá ẹnikẹ́ni sí. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àròkọ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1964. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kí ara wọn pé kí ọdún tuntun san wọ́n, ó gbà á ládùúrà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí ọ̀nà wọn le, nítorí pé inú ìṣòro ni ènìyàn ti ń gbọ́n. Ó kọ ìwé pẹ̀lú, lára wọn ni ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, To Mother With Love.

Nígbà tí Yakubu Gowon kéde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1974 pé ìjọba ológun kò ní lè gbé àkóso fún alágbádá ní ọdún 1976 mọ́, Ṣólàárìn kọ ìwé pélébé kan láti ta kò ó.

Kì í ṣe gbogbo ìjà rẹ̀ ni ó yọrí sí rere. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Shehu Shagari, ó wà lára àwọn tí wọ́n pariwo pé bílíọ̀nù 2.8 náírà owó epo rọ̀bì ti sọnù. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1980 lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ Ìríkẹ́fẹ̀. Ṣólàárìn kò lè mú ẹ̀rí tí ó dájú wá síwájú ìgbìmọ̀ náà, ìgbìmọ̀ sì sọ pé owó náà kò sọnù. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí bú u fún ìgbà pípẹ́.

Àtìmọ́lé, 1984–1985

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ọmọ-ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari, Muhammadu Buhari sì di olórí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, Ṣólàárìn pín ìwé pélébé tí ó fi béèrè pé kí wọ́n dá ìjọba padà fún àwọn alágbádá. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Jos. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà, àìsàn ikọ́ fée sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Oṣù 17 ni ó lò ní àtìmọ́lé. Àjọ Amnesty International kà á sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀.

Dìkírì nọ́ńbà 2 ti ọdún 1984 ni wọ́n lò fún un. Òfin yìí fún ìjọba láyè láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un ṣe léraléra, láìfi ẹ̀sùn kàn án, láìgbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ó tún kọ̀ fún ilé-ẹjọ́ láti béèrè ìdí.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé Nàìjíríà ti ṣe ìlérí tí ó yàtọ̀ sí èyí fún àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1981, àwọn olórí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, OAU, fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Àwọn Ènìyàn ní Nairobi. Abala 6 rẹ̀ lòdì sí mímú ènìyàn láìnídìí, abala 7 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́, abala 8 sì dáàbò bo òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ní ọdún 1983, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà sọ gbogbo ìwé àdéhùn náà di òfin ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n Jos tì mọ́ Ṣólàárìn, àdéhùn tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó ti wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Kò ràn án lọ́wọ́. Ìjọba tí ó dìde ní ìlú Èkó ni ó dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí Ibrahim Babangida gba àkóso ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985.

Ìbéèrè bóyá àdéhùn àjọ Áfíríkà lè de ọwọ́ ìjọba ológun nílé kò rí ìdáhùn títí di ọdún 2000. Ní ọdún náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí Gani Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò ọmọ ìlú Oǹdó, pe ìjọba Sani Abacha nítorí bí wọ́n ṣe mú un ní oṣù Kìíní ọdún 1996. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ìwé àdéhùn náà jẹ́ apá kan òfin Nàìjíríà, pé ó lágbára ju àwọn òfin yòókù lọ, ṣùgbọ́n pé kò lè borí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ṣólàárìn kò sí láyé mọ́ nígbà náà.

Àríyànjiyàn lórí dídarapọ̀ mọ́ OIC

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Ṣólàárìn jáde ní ẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ tí ó ti ń bá àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fà láti àwọn ọdún 1950 di ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kìíní ọdún 1986, ìròyìn jáde pé ìjọba Babangida ti sọ Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú àjọ OIC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1969. Ṣáájú àkókò yìí, olùwòye lásán ni Nàìjíríà nínú ìpàdé wọn. Wọn kò kéde rẹ̀ fún aráàlú kí wọ́n tó ṣe é. Ebitu Ukiwe, tí ó jẹ́ igbákejì Babangida, sọ ní gbangba pé wọn kò jíròrò ọ̀rọ̀ náà nínú ìgbìmọ̀ àwọn ológun tí ń ṣàkóso, ó sì kúrò nípò nínú ọdún kan náà.

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọn ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní Mùsùlùmí pọ̀ ní Nàìjíríà, pé orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kì í ṣe ti Mùsùlùmí pátápátá wà nínú àjọ náà, pé owó ìdàgbàsókè wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá a, àti pé Nàìjíríà ní àjọṣe pẹ̀lú Vatican láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Àwọn tí wọ́n lòdì sí i náà dáhùn pé abala 10 ìwé òfin ọdún 1979 kò gba kí ìjọba fi ẹ̀sìn kan ṣe tirẹ̀, àti pé dídarapọ̀ mọ́ àjọ tí ẹ̀sìn jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ sí ọ̀nà yẹn. Ìjọba kó Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ sínú ìgbìmọ̀ kan láti yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 1987, ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Kafanchan, ó sì tàn dé àwọn ìlú míràn ní ìpínlẹ̀ Kaduna.

Lójú ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ṣólàárìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú àríyànjiyàn yìí fi ohun kan sílẹ̀. Mùsùlùmí ń bá Kìrìsìtẹ́nì jiyàn lórí ẹni tí ìjọba yóò fi ojúure wò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ọmọ Nàìjíríà tí kò sí nínú ọ̀kankan, bí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tàbí ẹni tí kò ní ẹ̀sìn rárá. Ṣólàárìn ni ẹni tí a mọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ìkẹyìn yìí.

Ìgbà ìkẹyìn àti ikú

Ní ọdún 1989, ìjọba Babangida dá Báńkì Àwọn Ènìyàn, People's Bank of Nigeria, sílẹ̀ láti yá àwọn oníṣòwò kéékèèké àti oníṣẹ́ ọwọ́ lówó láìbéèrè ohun ìdúró. Ṣólàárìn gbà láti ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ja ìjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bínú sí i pé ó bá ìjọba ológun ṣiṣẹ́. Ní tirẹ̀, ìyá aláta tí báńkì ńlá kò lè dá lóhùn ni ó ń rò. Ó fi ipò náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí Babangida fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, èyí tí M. K. O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀, Ṣólàárìn wà lára àwọn tí wọ́n ta kò ó. Ó kú ní ọdún 1994, ní ẹni ọdún 71, nígbà tí ìjọba ológun Abacha ṣì wà lórí oyè. Ìyàwó rẹ̀, Sheila, ń bá iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lọ ní Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí tí òun náà fi kú ní ọdún 2012.

Ogún rẹ̀

Ní ọdún 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Ṣólàárìn di Tai Solarin University of Education, ní Ìjagun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Àwọn ìbéèrè tí ó fi ayé rẹ̀ jà lé lórí kò tíì parí. Abala 10 àti abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 tún àwọn ọ̀rọ̀ ọdún 1960 àti 1979 sọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ lórí aṣọ ẹ̀sìn àti àdúrà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣì ń dé ilé-ẹjọ́. Láti ọdún 2005, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí aráàlú bá pe ìjọba rẹ̀, ọ̀nà tí kò sí nígbà tí Ṣólàárìn wà ní Jos. Ní etí òkun Ìlàjẹ, Ayétòrò tí àwọn onígbàgbọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ń pòórá sínú òkun. Omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn ará ìlú sì ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ó dáàbò bo ibùgbé wọn.